Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì Tẹjúmádé

Bí ènìyàn bá dé èbúté Àgbádárìgì láyé ìgbà náà, tí ó rí mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú kan tó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà, tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sókè pátápátá, kí onítọ̀hún ti mọ̀ pé aboyún kan ń bọ̀ láti Gberefú, erékùṣù tó wà lódìkejì omi. Àwọn tó ń tu ọkọ̀ ojú omi mọ mọ́tò náà. Àwọn tó ń ta ẹja yíyan mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó bìkítà fún orúkọ tí àwọn tó ṣe é kọ sí i nídìí. Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè é.

Tẹjúmádé ni nọ́ọ̀sì náà. Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni, iṣẹ́ agbẹ̀bí ló gbé e dé Àgbádárìgì, ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà sí omi. Òun àti Ọmọ́níyì ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì lápá Òjó, kọ́ ilé kékeré sí Ìbẹ̀rẹ̀kó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́ ọmọ wọn kan ṣoṣo, Tiwalolúwa, dàgbà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra ọkọ̀, ohun tí Ọmọ́níyì ní lọ́kàn ni ọkọ̀ gígùn tó ní búùtù gidi, èyí tí ènìyàn lè gbé lọ sí òde kí wọ́n mọ̀ pé àgbà ló dé. Ṣùgbọ́n Ọmọ́níyì fúnra rẹ̀ kì í wakọ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, bọ́ọ̀sì tó wọ̀ takìtì lójú ọ̀nà Iléṣà, òun nìkan ló sì jáde láàyè lórí ìjókòó tó wà. Láti ọjọ́ náà, kò tíì jókòó sídìí sítíárìn rí. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

“Ìwọ ni wàá wà á,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ìwọ ni kí o yàn án.”

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kó ọkọ̀ wọlé láti Kútọnu ni wọ́n ti rí èyí tí Tẹjúmádé yàn. Ó kéré, ó sì ti gbó nílé onílé kó tó dé ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n Tẹjúmádé rí i pé ìjókòó ẹ̀yìn ṣeé dà dé ilẹ̀, àti pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣí sókè tán. Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì na gbọọrọ síbẹ̀ níṣojú ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

“Màdáámù, ṣé ibùsùn lẹ wá rà ni?”

“Ibí yìí á gba aboyún,” ni Tẹjúmádé fèsì látorí ìdùbúlẹ̀. Ó jáde, ó gbọn aṣọ, ó ní òun mú un.

Ó ní ìdí tó fi wí bẹ́ẹ̀. Kí ọkọ̀ yìí tó dé, orí ọ̀kadà ni wọ́n ń gbé àwọn obìnrin tí ọmọ ń mú láti èbúté, ẹnì kan á di ẹ̀yìn wọn mú, wọ́n á máa ké ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti gbẹ́ kòtò. Ó ti rí èyí tó jábọ́. Kò fẹ́ rí òmíràn.

Ọkọ̀ náà jẹ́ fún un ju ọkọ̀ lọ, ó sì jẹ ẹ́ níyà bí ọmọ tó gbọ́n jù. Afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí irin dàgbà. Kò pẹ́ tí ìpẹtà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀, tó fi di pé nígbà tí òjò bá rọ̀, omi á máa fọ́n wọlé láti abẹ́ ẹsẹ̀. Abdulbasit, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀, lẹ páànù mọ́ ìsàlẹ̀ náà títí tí kò fi yé ènìyàn mọ́ èwo ni ti ọkọ̀, èwo ni ti Abdulbasit.

“Màámi,” ló máa ń wí, “ó ku díẹ̀ kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ ara yín sáré.”

Wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn kan, pupa ni èyí tí wọ́n rí, pupa náà ló sì wà títí. Jíà kejì kì í gbọ́ràn nígbà ọyẹ́. Bí ènìyàn bá kánjú ṣíná fún un, á kọ̀. Àfi kí o fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí o dúró, kí o tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Tiwalolúwa wà ní ilé-ìwé girama, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó má gbé òun dé ẹnu géètì. “Mọ́ọ̀mì, ẹ já mi sílẹ̀ níbi igi yẹn, màá fẹsẹ̀ rìn.” Ó dun Tẹjúmádé, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń já a sílẹ̀ níbi igi náà.

Kì í ṣe ọmọ kan, kì í ṣe méjì, tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ yìí. Òmíràn kì í fẹ́ dúró de ilé ìwòsàn. Tẹjúmádé á gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á yí lọ sẹ́yìn, á ṣí ilẹ̀kùn sókè kó di òrùlé lórí rẹ̀, á sì gba ọmọ náà sí ọwọ́. Nígbà tó bá délé, Ọmọ́níyì ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ara òórùn Dẹ́tọ́ọ̀lù. Á bọ́ síta pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi láti bá a fọ ọkọ̀. “Kí ni wọ́n bí?” ni ìbéèrè rẹ̀. Bí Tẹjúmádé bá ti dá a lóhùn, á ní, “Ẹ kú ewu,” bí ẹni pé ìyàwó òun gan-an ló rọbí.

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Irun Abdulbasit funfun díẹ̀ níwájú. Tiwalolúwa lọ́kọ, ó kó lọ sí Abẹ́òkúta, ó ń pè lórí fóònù pé kí wọ́n ta ọkọ̀ náà. Ta ni yóò rà á? Ta ni yóò sì tà á?

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ara kọ́kọ́ fu Tẹjúmádé. Ó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ ọkọ̀. Ó fọ apá ọ̀tún, ìpẹtà nìkan ló bá níbẹ̀. Ó yí sí apá òsì. Ọwọ́ rẹ̀ kan dígí ẹ̀gbẹ́ tí Abdulbasit fi okùn róbà dì nígbà tí òun fi gbá òpó géètì. Ó kan ibi tó ho láti ara ògiri ilé ìwòsàn. Ó kan ibi tó wọnú, níbi tí òun àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan ti forí gbárí, tí òun sì bú oníkẹ̀kẹ́ náà bí ẹni láyin. Ó kan bọ́ńpà tó tẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gbogbo rẹ̀ pátá, apá òsì ni. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò dá ẹlòmíràn lẹ́bi fún.

Ó fi ọwọ́ tó tutù bo ojú ọ̀tún, ó wá fi ti òsì wo igi àgbọn tó wà lẹ́bàá ọgbà. Kò rí igi. Ohun tó rí dà bí èéfín, pẹ̀lú ihò kékeré kan láàárín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé.

Ọmọ́níyì ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. “Ìyá Tiwa, ṣé kò sí?”

“Kò sí, Bàbá Tiwa. Ọṣẹ ló ta sí mi lójú.”

Ojú ìyá tó bí Tẹjúmádé ti fọ́ kí ó tó darúgbó. Nílé ní Ìkéré, wọ́n ní èéfín ìdáná ni. Tẹjúmádé tó kàwé nọ́ọ̀sì mọ̀ pé kì í ṣe èéfín. Ó mọ̀, ó sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Òun náà ló máa ń dúró níwájú àwọn aboyún láràárọ̀ tí á máa sọ fún wọn pé, bí ẹ bá rí àmì tí kò yé yín, ẹ má fi pamọ́, ẹ tètè wá. Ṣùgbọ́n oníṣègùn kì í tètè ṣe ara rẹ̀ ní aláìsàn. Ó ní kí òjò kọ́kọ́ dá. Ó ní kí Tiwa tó wà nínú oyún kọ́kọ́ bímọ. Ohun tó wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù ń bà á. Bí wọ́n bá ní kí òun má wakọ̀ mọ́ ńkọ́? Ta ni yóò máa lọ sí èbúté?

Òjò kò dá. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n gbé Sènámi dé.

Ẹlẹ́ja ni Sènámi, ọmọ Ègùn ni, Gberefú ló ń gbé. Ọwọ́ Tẹjúmádé ló bí ọmọ méjì sí tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà lórí òkun lọ́jọ́ náà, ìyá ọkọ ló tẹ̀lé e. Bí Tẹjúmádé ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ọmọ náà dábùú nínú, apá rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń bọ̀. Irú èyí kọjá agbára ilé ìwòsàn kékeré. Àfi ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Kò sí ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n tẹ́ Sènámi sẹ́yìn ọkọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Màmá Nọ́ọ̀sì,” ni Sènámi ń wí láàárín ìrora, “ẹ má jẹ́ n kú o.”

“O ò ní kú. Má tì í síta. Mí, kí o máa mí.”

Tẹjúmádé wọ ojú títì ńlá. Wáípà ń pa omi kiri ojú dígí ni. Wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe nígbà náà, wọ́n ti darí àwọn ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. Iná àwọn tírélà ń fọ́n sí i lójú, ìgbà tí iná bá kọjá, òkùnkùn lásán ló kù ní apá òsì rẹ̀. Ó rọra ń lọ. Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà títí orí fi ń fọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Sènámi ń ké pe Máwù, Ọlọ́run rẹ̀, léraléra.

Kò rí àwọn búlọ́ọ̀kù kọnkéré tí wọ́n tò sí apá òsì. Gbàmù ló gbọ́. Ọkọ̀ fò, ó yẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó dúró. Táyà iwájú ti bẹ́, irin rẹ̀ sì ti wọ́. Ìyá ọkọ Sènámi fò jáde sínú òjò, ó ń ju ìborùn sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá, àwọn ọkọ̀ náà sì ń ta ẹrẹ̀ sí i lára. Tẹjúmádé ń wá irinṣẹ́ kiri nínú ọkọ̀. Ó pẹ́. Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe pẹ́ tó, kí àwọn ọkùnrin kan tó ń sá fún òjò níbi ìmọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ọ̀nà tó gbọ́ igbe, tí wọ́n sáré dé, tí wọ́n fi ọwọ́ lásán gbé ọkọ̀ náà sókè pẹ̀lú Sènámi nínú rẹ̀, tí wọ́n sì bá a pààrọ̀ táyà.

Wọ́n dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n gbé Sènámi wọlé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, orí kó o yọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà, ọkùnrin, kò ké.

Dókítà jáde wá bá Tẹjúmádé níbi tó jókòó sí, tí omi ń ro láti aṣọ rẹ̀. “Nọ́ọ̀sì, ẹ ti gbìyànjú. A ò lè sọ ìgbà tó lọ. Ó lè jẹ́ pé kí ẹ tó kúrò ní Àgbádárìgì ni.”

“Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni Tẹjúmádé wí.

Dókítà náà padà wọlé lọ bá Sènámi.

Lọ́jọ́ kejì, Abdulbasit wá wọ́ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Tẹjúmádé sì tẹ̀lé e. Abdulbasit bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibi tó fọ́. “Màámi, àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn mà tóbi o. Ṣé ẹ ò rí i ni?” Kò ní ibi lọ́kàn. Tẹjúmádé gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó yí padà, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló sọ ohun gbogbo fún ọkọ rẹ̀.

Ọmọ́níyì gba ìsinmi níbi iṣẹ́, wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Èkó. Obìnrin tó yẹ ojú rẹ̀ wò ṣe sùúrù púpọ̀. Ó ní omi inú ẹyinjú ló ti fún iṣan ìríran pa. Ti òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ti ọ̀tún náà ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dá èyí tó kù dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.

“Ẹ ò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́, mà.”

“Mo ti mọ̀,” ni Tẹjúmádé wí.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ bọ̀, Ọmọ́níyì ń wo awakọ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Lẹ́yìn náà ló ní, “Màá kọ́ ọ. Màá kọ́ ọkọ̀ wíwà.”

Tẹjúmádé ní kó má dá ara rẹ̀ lóró. Kò gbọ́. Ó ní kí Abdulbasit wá máa kọ́ òun ní pápá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Tẹjúmádé jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, ó ń fi èyí tó kù nínú ojú rẹ̀ wo ọkọ rẹ̀, àgbàlagbà tó ti ń múra àtifẹ̀yìntì, tó di sítíárìn mú bí ẹni di ẹ̀ka igi mú lórí odò tó kún. Bí ọkọ̀ bá ti já lọ díẹ̀, á pa á, òógùn á máa ṣàn sí i lára. Ó gbìyànjú lọ́jọ́ kìíní, ó gbìyànjú lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ta gìrì tó fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ kan dé kòtò, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí iyanrìn, ó sì bú sẹ́kún níṣojú Abdulbasit.

“Ìyá Tiwa, mi ò lè ṣe é. Àwọn tó kú nínú bọ́ọ̀sì yẹn, mò ń gbọ́ ohùn wọn.”

Tẹjúmádé jókòó tì í sórí iyanrìn. “Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá Tiwa. Ẹ ti ṣe é. Ẹ ti ṣe tiyín.”

Abdulbasit rìn lọ síbi tí kò ti ní máa wò wọ́n.

Nígbà tí ara Sènámi yá, ó wá sílé wọn ní Ìbẹ̀rẹ̀kó. Ó gbé ẹja yíyan dání, èyí tó sanra dáadáa. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí òun kú. Tẹjúmádé gbà á, ó ní kó jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ méjì tó wà nílé. Lẹ́yìn èyí, Sènámi wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Màmá Nọ́ọ̀sì, wọ́n ń sọ ọ́ ní èbúté pé ẹ ò wakọ̀ mọ́. Wọ́n ní ojú yín ni.”

“Òótọ́ ni.”

“Ṣé ó ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tèmi náà?”

Tẹjúmádé lè sọ pé rárá. Kò sẹ́ni tí yóò já a nírọ́. “Ó ti wà níbẹ̀,” ló wí. “Mi ò rí búlọ́ọ̀kù yẹn, Sènámi. Mo sì ti mọ̀ ṣáájú pé ojú mi kò dára.”

Sènámi kò pariwo, kò sì bú u. Ó jókòó pẹ́, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ láìnu ún. Nígbà tó dìde, ó ní, “Ó dàárọ̀ o, mà,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni. Kò wá mọ́. Nígbà tó tún lóyún, ìlú Àpá ló ti lọ bímọ. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ láti Gberefú, Sènámi máa ń ní kí wọ́n bá òun kí Nọ́ọ̀sì, wọ́n sì máa ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Tẹjúmádé kò retí ju èyí lọ.

Ó fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà tó yẹ kó fẹ̀yìntì. Ọkọ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé lábẹ́ igi fúrúùtù, ewé ń já bo orí rẹ̀, adìyẹ aládùúgbò ń yé sínú rẹ̀. Láàárọ̀, Tẹjúmádé á jáde lọ ṣí i, á jókòó díẹ̀ sídìí sítíárìn, kò ní ṣíná. Ìpẹtà kò sinmi ní tirẹ̀. Abdulbasit wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi òòlù kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, òòlù lu irin náà já.

“Màámi, kò sí ibi tí mo lè lẹ nǹkan mọ́ mọ́.”

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ni wọ́n tà á fún. Wọ́n dé pẹ̀lú òòlù ńlá àti iná tí wọ́n fi ń gé irin. Ọmọ́níyì ní kí òun àti ìyàwó òun lọ sọ́jà kí wọ́n má bàa wà níbẹ̀, Tẹjúmádé ní òun kò lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí tí wọ́n fi ya ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kúrò. Èyí ni kò lè fara dà. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí pé bí ojú ti ń lọ ni etí ń mú sí i.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ni, afẹ́fẹ́ omi ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, a ti wà ní èbúté. Ọmọ ń mú ìyàwó mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń fi ọkọ̀ gbé wọn.”

Tẹjúmádé ti dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti nà sí ibi ìṣó tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ lára ògiri, ìṣó náà nìkan ló bá.

“Mi ò wakọ̀ mọ́, ọmọ mi,” ló wí. “Gbọ́, má gé fóònù. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kó fi sùn. Ẹ pe oníkẹ̀kẹ́ kan, kí ẹ sọ fún un pé kó rọra. Ṣé omi rẹ̀ ti dà?”

Ọkùnrin náà dá gbogbo ìbéèrè rẹ̀ lóhùn títí tí oníkẹ̀kẹ́ fi dé, lẹ́yìn èyí ni ìlà já. Tẹjúmádé jókòó, ó fi fóònù sórí itan. Ọmọ́níyì gbé oúnjẹ wá, kò jẹ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán, kí ọkùnrin náà tó tún pè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń dúpẹ́. Ó ní nọ́ọ̀sì tuntun ilé ìwòsàn náà ló gbẹ̀bí, ìyá àti ọmọ wà láàyè.

Ọmọ́níyì jókòó níwájú rẹ̀. “Kí ni wọ́n bí?”

“Obìnrin,” ni Tẹjúmádé wí. Inú rẹ̀ dùn, òótọ́ ni. Ó yí ojú sí ojú fèrèsé, ó sì sunkún títí, ọkọ rẹ̀ kò ní kó dákẹ́.